Lẹ́tà Kan Láàárín Omi àti Ọ̀dà

Mo ti pé ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí Wiwin, ọmọ àdúgbò wa tó ń ya fíìmù, ní kí n kọ ewì nípa odò wa. Ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lókè odò fẹ́ ri páìpù kejì tí yóò máa da omi aró rẹ̀ sódò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kan ṣoṣo tó kù tí à ń mu. Ọ̀gá Kosasih láti ọ́fíìsì ìjọba ló máa fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Àlàmísì.

Mo kọ ọ́ pé: omi la fi ń wẹ ọmọ, omi la fi ń ṣe àlùwàlá, omi la fi ń se ìrẹsì.

Enok, aládùúgbò mi, kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Icih! Ṣé ọ̀dà lẹ fi ń se ìrẹsì nílé yín ni?"

Ní èdè Sunda tiwa, cai ni omi, cat sì ni ọ̀dà. Dípò kí n fi àmì róbótó sórí lẹ́tà ìkẹyìn, igi ni mo fà dábùú rẹ̀. Gbogbo omi mi ti di ọ̀dà.

Mo nawọ́ kí n ya ìwé náà. Wiwin já a gbà.

"Ìyá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná."

Ọmọ yẹn gbọ́n! Lọ́jọ́ Àlàmísì tí Ọ̀gá Kosasih ń bọ̀, ó fi aṣọ funfun bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn àdúgbò wa, ó ti wíńdò pa. Ó gbé abọ́ omi odò síwájú àga kọ̀ọ̀kan, ó ní kí gbogbo wa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Odò ń ṣàn níwájú, ó ń ṣàn lẹ́yìn, ohùn mi ń ka ewì, ìkọ̀wé wúruwùru mi sì léfòó lójú odò, ó tóbi ju èèyàn lọ.

"Ta ló kọ èyí?" Ọ̀gá Kosasih béèrè. "Ó ṣì í kọ. Omi ló yẹ kó jẹ́."

Mo dorí kodò. Wiwin dìde. Ó ṣí wíńdò.

"Ọ̀gá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, sà."

Ó gbé e. Aró inú omi odò ti sọ ọ́ di pupa dé ọrùn ẹsẹ̀, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó fi áńkáṣífì nù ún, kò lọ.

"Ẹ ò ní fi omi yìí ṣe àlùwàlá, sà?" Enok ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá yọ ìwé àṣẹ páìpù náà jáde, ó wo ògiri, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá fa igi dábùú ìwé náà, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fa tèmi.