Èyí Tó Kù Ni Mò Ń Kà

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń yí ló ní páánù pẹlẹbẹ kan tí àwọn tó ṣe é kàn mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: irú iná tó ń fẹ́, bó ṣe ń sáré tó, àti ìṣẹ́jú mélòó ló lè fi ṣiṣẹ́ kó tó sinmi. Ẹni tí kò bá ka páánù, èéfín ni yóò kà.

Jẹ́jẹ́ ti mọ èyí kí àìsàn tó dé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ níṣẹ́ irin. Òun, wọ́n ní kó máa gbálẹ̀. Níbi tó ti ń gbálẹ̀ náà ló ti ń ṣa àwọn ẹ̀rọ tó ti jó, tó ń tú wáyà inú wọn, tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ká a, títí òun náà fi mọ bí wọ́n ṣe ń ká wáyà di kọ́ìlì. Nígbà tí bàbá fi máa kú, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti di tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí apá àwọn yòókù kò bá ká, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti sọ fún un pé àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ti ṣi ọ̀tá mú, oríkèé rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà, àti pé àìsàn náà kì í lọ, títọ́jú ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.

"Dókítà, ìṣẹ́jú mélòó ni mo lè fi ṣiṣẹ́ kí n tó sinmi?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn kì í ní páánù lára.

"Ó dáa, màá ṣe tèmi."

Oṣù kan gbáko ló fi ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Ó rí i pé irun dídì ń gba okun tó kọ́ìlì kan, ló bá gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àga sí balùwẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ kọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o lórí ìjókòó. Ogójì ìṣẹ́jú iṣẹ́, ogún ìṣẹ́jú lórí ẹní lẹ́yìn tábìlì. Aago kékeré kan ló ń dá a dúró, òun náà ló ń jí i. Bí aago bá dún nígbà tí kọ́ìlì wà láàárín, yóò so okùn pupa mọ́ ibi tó dé, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sí etí tábìlì, yóò sì dùbúlẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe. Òun gbà á bí oyè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò gbà á. Ojú máa ń tì í bí oníbàárà bá wọlé tó rí ẹsẹ̀ méjì lẹ́yìn tábìlì. Láràárọ̀ ni yóò bi í pé, "Ṣé ara ti le?" Jẹ́jẹ́ yóò parọ́ pé ó ti ń le, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ń gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ wá. Ó ti jó. Obìnrin náà yọjú wo ẹní.

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ ẹ o. Ẹ má lọ sùn lé e lórí."

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ bá pò, ṣé kì í sinmi kó tó wú ni?"

Obìnrin náà ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ bó ṣe jáde báyìí, ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Tí iṣẹ́ yìí bá fi lè pẹ́, tábìlì yẹn á di ti ẹlòmíì. Mo ti rí ẹnì kan tó mọ kọ́ìlì ká. Kó o lọ jókòó sílé, màá máa bọ́ ẹ."

"Kí n jókòó sílé? Kí ni mo fẹ́ máa sinmi fún níbẹ̀?"

"Fún ara ẹ ni."

"Ara mi yìí náà ni mo fi ń ká kọ́ìlì, Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ á yí."

Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ku kọ́ìlì kan. Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n ń ká a. Láti ìdájí ni ìka Jẹ́jẹ́ ti wú, ó sì mọ̀ pé bóun bá ti parí kọ́ìlì yìí, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ òun lónìí. Ó ká a dé àádọ́ta, aago dún. Ó so okùn pupa, ó kọ 34 sí etí tábìlì, ó dùbúlẹ̀.

Àánú ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pa aago lẹ́nu kó má baà jí i, ó sì jókòó sídìí tábìlì.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ lajú, ọkùnrin náà ń nu òógùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá ẹ parí ẹ̀!"

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. Ẹ̀gbọ́n ti fi òòlù onígi gbá kọ́ìlì náà wọ inú irin. Ó wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

"Níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi tó o kọ ọ́ sí. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo fi àádọ́ta kún un."

"Yéè! Bọ̀ọ̀dá, àádọ́ta ni mo ti ká. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kù."

"Ta ló ń kọ èyí tó kù? Èyí téèyàn ti ṣe ló ń kọ!"

"Ẹni tí okun pọ̀ lára ẹ̀ ló ń ka èyí tó ti ṣe. Èyí tó kù ni mò ń kà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kà á: kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n tó gun àtẹ̀gùn, kí n tó wẹ̀. Ẹ ò bi mí rí!"

Ọkùnrin náà wo ṣọ́ọ̀kì, ó wo kọ́ìlì. Òòlù ti bó wáyà náà. Kò wúlò mọ́. "Màá lọ bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì," ló rọra wí.

"Ẹ ò ní bẹ ẹnì kankan. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ mú wáyà tuntun. Èmi ò lè dìde mọ́ lónìí, àmọ́ ẹnu mi ò wú. Ẹ máa ká a, màá máa kà á."

"Tí oníbàárà bá wá bá wa báyìí ńkọ́?"

"Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n wá wòran."

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń ká a. Láti orí ẹní ni Jẹ́jẹ́ ti ń kà á bọ̀ wálẹ̀: "Ó ku ọgọ́rin... Ẹ má fà á tó yẹn, wáyà ni, kì í ṣe ewúrẹ́... Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́rin..." Kó tó dé ìdajì, wáyà ti ge ẹ̀gbọ́n ní àtàǹpàkò, ìka rẹ̀ ti gan.

"Ẹ sinmi."

"Rárá, mo ṣì lè..."

"Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi."

Ọkùnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 45, ó ṣí aago lẹ́nu padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń ro ẹ́ nìyí?"

"Ní gbogbo oríkèé. Láti ìdájí."

"Mo rò pé ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ ni."

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni mú ẹyin, títí aago fi dún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, orí ẹní ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bá Jẹ́jẹ́. "Ẹ wò ó o! Ó tún ti sùn!"

"Kò sùn," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ìsinmi rẹ̀ ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ jókòó."

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó. Nígbà tí aago dún, Jẹ́jẹ́ di tábìlì mú, ó dìde, ó tan iná sí ẹ̀rọ ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ náà yí, kò gbọ̀n, ó ń kùn bí oyin inú ìgò.

"Ìdajì wákàtí ni wọ́n kọ sí páánù rẹ̀. Mélòó lẹ fi ń lò ó?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Wákàtí mẹ́ta."

"Ẹ rí i? Ẹ jẹ́ kó máa sinmi, àbí kẹ́ ẹ tún wá bá mi lórí ẹní."

Nígbà tó lọ tán, Jẹ́jẹ́ bojú wẹ̀yìn. "Ẹni tẹ́ ẹ rí tó mọ kọ́ìlì ká ńkọ́?"

"Ẹni wo?" Ẹ̀gbọ́n ti kọjá sí ìdí irin tirẹ̀. Kò pẹ́ tó mú páánù kékeré kan dé, tó ti fi ìṣó tẹ ọ̀rọ̀ sí i lára: *Ogójì iṣẹ́. Ogún ìsinmi.*

Jẹ́jẹ́ kà á. "Ó ku ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sí i pé: *Ẹ má pa aago lẹ́nu.*"

Ó kọ ọ́. Jẹ́jẹ́ gba òòlù, ó ní ojú ìlẹ̀kùn ni páánù òun máa wà, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé rí i. Ó kan ìṣó àkọ́kọ́, ó kan ìkejì.

"Mélòó ló kù?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Méjì."

"Kì í ṣe ìṣó. Tìẹ ni mò ń béèrè."

Jẹ́jẹ́ dúró, ó ṣírò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò parọ́. "Ó ku okun ìṣó kan," ló wí. Ó gbá ìkẹta wọlé, ó na òòlù sí i. "Ẹ kan ìkẹrin. Ẹ má sì jẹ́ kó tẹ̀ o."