Àlàfo Láàárín Igi Páìnì

Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni bàbá mi wọ̀ jáde láàárọ̀. Èkejì ni mo mú dání wọ igbó páìnì. Bí èèyàn bá ní kí bàbá yìí jókòó, ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ máa ń yún un.

Mo kórìíra igbó yẹn. Oko wa ni tẹ́lẹ̀, ilé wa sì wà láàárín rẹ̀, kí ìjọba tó gbà á, tí wọ́n wó ilé, tí wọ́n sì gbin páìnì síbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Aránṣọ ni mí, mo mọ ìlà tó gún. Ṣùgbọ́n tèyí gún débi pé n kò mọ ibi tí mo ti wá mọ́. Ọ̀sán gangan ni, inú ibẹ̀ ṣú. Ewé tínrín-tínrín bo ilẹ̀, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Jìnnìjìnnì bò mí.

Kànga àgbàlá wa ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, nítorí iṣẹ́ kànga ló fi tọ́ wa. Àwọn tó wó ilé kò dí i, pákó ni wọ́n kàn fi bò ó. Ogún ọdún rèé! Bàbá tó ti gbàgbé orúkọ mi láti oṣù mẹ́jọ, tó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, ṣé kànga ni yóò rántí?

Mo rí i níkẹyìn, ó fẹ̀yìn ti igi kan lọ́ọ̀ọ́kán. Àlàfo kan wà láàárín wa, kò sí igi níbẹ̀, oòrùn ń ràn sí i. Inú mi dùn. Mo sáré.

"Sáré-sáré! Dúró níbẹ̀!"

Orúkọ tó ń pè mí ní kékeré nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Sálúbàtà fò lọ́wọ́ mi, ó já sáàárín ewé, ewé àti pákó jíjẹrà sì jọ wó wọlẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró omi.

Bàbá mi rọra gba ẹ̀gbẹ́ yí wá, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àwọn tó gbin igi mọ̀ pé ibẹ̀ jìn, ni wọ́n ṣe fò ó. Ibi tí ìlà bá ti já, má tẹ̀ ẹ́."

Mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, mo bú sẹ́kún.

"Bàbá mi, ẹ dá mi mọ̀!"

Ó wò mí lójú títí.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ má sunkún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọ mi. Ó fẹ́ràn kó máa sáré lẹ́bàá kànga yìí."