Ọ̀rọ̀ Méje Tí Sẹ̀gilọlá Kọ́

Túbọ̀sún ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ òun fìdí rẹmi. Iṣẹ́ tíṣà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ náà ni èmi àti òun ti pàdé, ó sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ wa ní Adó. Bí ọmọ kan bá gba òdo nínú ìṣirò, àfi bí ẹni pé ọmọ náà bú ìyá tó bí Túbọ̀sún. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè é, yóò kọ́kọ́ béèrè iye máàkì tí wọ́n fi ń wọ ọ̀run. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í yí padà.

Ìwà yìí ló bá a dé ọdún 1978, nígbà tí Dókítà Olúmidé wá sí Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni dókítà náà. Yunifásítì ló ti wá, nínú ọkọ̀ ìjàpá kan tó máa ń ké bó bá ń gun òkè. Ó ń wá àwọn àgbàlagbà tí òun yóò máa yẹ̀ wò lóṣù mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó lè mọ bí ọpọlọ ṣe ń yí padà bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fi orúkọ sílẹ̀ nítorí pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú mi káàkiri ilé nígbà tó wà lójú mi. Túbọ̀sún fi orúkọ sílẹ̀ nítorí pé ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀gilọlá, kún un.

Ọ̀rọ̀ méje ni dókítà máa ń kà sí wa létí: àkùkọ, ṣíbí, òjò, ilé, bàtà, ọsàn, àga. Lẹ́yìn náà a ó jọ sọ̀rọ̀ ìlú díẹ̀, a ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri kó lè wo ẹsẹ̀ wa, nígbà náà ni yóò wá ní kí a ka ọ̀rọ̀ méjèèje padà fún òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni nígbàkúùgbà tó bá wá. Ó ní bí òun bá yí wọn padà, òun kò ní mọ̀ bóyá ènìyàn ló yí padà tàbí ìbéèrè. Iye tí oníkálukú bá rántí ni yóò sàmì rẹ̀ sórí bébà onílà wẹ́wẹ́, yóò sì fi ìlà so àmì òní mọ́ ti àná.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìlà ṣe.

"Bàbá, ìrísí ìlà yẹn ni mò ń wá," ó dá mi lóhùn. "Bó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ogbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bó bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú orí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, a lè yọ ọ́." Ó wá wo gbogbo wa. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìdánwò o."

Túbọ̀sún wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń máàkì, kí ló wá ń ṣe?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, mẹ́rin ni mo rántí. Túbọ̀sún rántí mẹ́fà, ó sì bá dókítà jiyàn lórí ìkeje. Sẹ̀gilọlá ka méjèèje tẹ̀rín-tẹ̀rín, láìtẹ̀lé bí dókítà ṣe tò wọ́n. Kò sì yà wá lẹ́nu. Abọ́ tánganran ló ń tà ní Ọjà Ọba, kò sí ìyàwó kan tí wọ́n gbé ní Adó tí òun kò lè sọ irú abọ́ tí ìyá ìyàwó náà rà fún un. Dókítà wí pé "ilé", òun wí pé "ulé", gẹ́gẹ́ bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é. Dókítà ní òun gbà á. Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Sẹ̀gilọlá yọ̀ ní balùwẹ̀ nígbà òjò, tó fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá ògiri. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Túbọ̀sún fi òrí pa ibẹ̀ fún un, wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, oorun ọ̀sán kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó bu iyọ̀ sí ògì dípò ṣúgà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúrò ní Ọjà Ọba, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, ọ̀nà tó ti ń rìn láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà ló fà á lọ́wọ́ wá. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló ń wí: "Mo fẹ́ lọ ulé."

Ojú ti Túbọ̀sún. Ó sọ fún wa pé àárẹ̀ lásán ni, pé ogbó ti dé. Ṣùgbọ́n àkókò tí dókítà yóò tún wá ti kù díẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà kí ọmọdé dókítà yẹn sàmì òdo fún Sẹ̀gilọlá. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, yóò jókòó tì í, yóò máa ka ọ̀rọ̀ méjèèje fún un, obìnrin náà á máa gbè é. Bó bá ṣì í, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ́ ọ kó máa pe ulé ní ilé, kí máàkì kankan má baà bọ́. Nígbà mìíràn Sẹ̀gilọlá á máa sunkún pé ó ti rẹ òun. "Lẹ́ẹ̀kan sí i, Sẹ̀gi mi," ni Túbọ̀sún á wí. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti bàjẹ́ tán ni ó tó sọ èyí fún mi.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́ta ni èmi rántí, ìlà tèmi sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti yẹ ẹni tó ń darúgbó. Nígbà tó kan Sẹ̀gilọlá, ó dìde dúró, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn, ó sì kà wọ́n bí dókítà ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́, bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó wí pé "ilé". Mo wo Túbọ̀sún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni òun ń wò.

"Ìyá ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀," dókítà wí.

"Bàtà tuntun ni," Túbọ̀sún fèsì.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ?"

"Àlàáfíà ni. A dúpẹ́."

Kí ni ẹlòmíràn ìbá wí nílùú wa? Ẹni tí igi wó lù yóò kọ́kọ́ sọ fún àlejò pé àlàáfíà ni. A sì ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Dókítà sàmì kẹta sókè, ìlà Sẹ̀gilọlá tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó tún fi lẹ́ẹ̀dì tò àmì tó-tó-tó síwájú láti fi bí ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí hàn wá. "Bó ṣe ń lọ yìí, ìyá kò ní yí padà," ó wí. Inú Túbọ̀sún dùn débi pé ó pa adìyẹ fún un.

Oṣù náà kò tíì parí tí Sẹ̀gilọlá fi sùn tí kò jí dáadáa. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kú. Láti ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ni wọ́n ti fi wá ránṣẹ́ sí èyí tó tóbi jù, Dókítà Olúmidé sì wá bá wa níbẹ̀. Wọ́n lu ihò sí orí náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ jáde. Láti ọjọ́ balùwẹ̀ ló ti ń sun díẹ̀díẹ̀, tó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà ti tẹ̀ pa kò jí mọ́.

Dókítà jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bébà rẹ̀. "Bàbá, ìlà yìí kò bá orí tí a rí yẹn mu."

Ibẹ̀ ni Túbọ̀sún ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà tẹ́ bébà náà sórí itan rẹ̀. Ó mú ìrésà, ó pa àmì kẹta rẹ́. "Ká ní ẹ kò kọ́ wọn, mélòó ni wọn ì bá rántí?"

"Bóyá ọ̀kan. Bóyá wọn kò ní rántí rárá."

Ó sàmì náà sísàlẹ̀. Ìlà náà já bí korobá tí okùn rẹ̀ já sínú kànga.

"Ká ní mo rí èyí lọ́jọ́ yẹn," ó wí, "inú ọkọ̀ mi ni ǹ bá gbé wọn sí. Ihò kékeré kan ni à bá lu, wọn ì bá sì padà sọ́jà." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Inú bí mi. Mo bínú sí Túbọ̀sún tó fi ọmọ ènìyàn du máàkì. Mo bínú sí dókítà náà, nítorí ó kọ́ bí a ti ń wọn ọpọlọ, kò sì kọ́ ìwà àwọn tó ni ọpọlọ. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé tíṣà Èkìtì kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn? Mo sọ ọ́ sí àwọn méjèèjì lójú. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, àánú wọn wá ṣe mí.

Nígbà tí wọ́n gbé Sẹ̀gilọlá padà wálé, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Yétúndé ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó, Sẹ̀gilọlá kí i bí ẹni ń kí oníbàárà. Túbọ̀sún ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó gbé ògì wá. Sẹ̀gilọlá tẹjú mọ́ ọn, ó fa ara rẹ̀ tọ́ lórí àga.

"Ẹ káàárọ̀, dókítà," ó wí. Ó wá bẹ̀rẹ̀: "Àkùkọ, ṣíbí, òjò, ilé, bàtà, ọsàn, àga." Kò fo ọ̀kan. "Ṣé mo yege?"

Túbọ̀sún gbé abọ́ ògì sílẹ̀. "Ẹ yege, Mà."

Ojú Sẹ̀gilọlá kún fún ẹ̀rín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Tíṣà, ọkọ mi. Inú wọn á dùn."

Túbọ̀sún ní òun á bá a sọ fún wọn.