Ọjọ́ Tí Wanda Fi Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Lé Alátakò Lọ́wọ́

Nígbà tí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì Lindmark kéde pé ilé ẹ̀kọ́ náà yóò kógbá sílé lóṣù Karùn-ún, Wanda Stroebel kò sunkún. Àwọn olùkọ́ yòókù ń dì mọ́ra wọn nínú gbọ̀ngàn. Òun ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ó délé, ó gbé ọbẹ̀ adìẹ àná kaná, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì lè sọ bóyá iyọ̀ tó tàbí kò tó. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú béèyàn bá jókòó lé e pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo inú rẹ̀ kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpàdé ọdọọdún Àjọ bọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n Àjọ lásán ni tọmọdé tàgbà ń pè é ní apá ìpínlẹ̀ Iowa níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké mẹ́jọ ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1921, kí àwọn ọmọ wọn lè máa bá ẹgbẹ́ wọn díje, kí ewúrẹ́ má baà máa bá màlúù kàn. Àjọ ló ń yan ọjọ́ eré, òun ló ń yan rẹfirí, òun náà ló ń ṣòfin. Òfin kan wà níbẹ̀ tó le ju àwọn tó kù lọ: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bọ́ sí òmíràn nínú Àjọ, ọdún kan gbáko ni yóò fi jókòó kó tó ṣeré. Àwọn àgbà fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn kóòṣì tó máa ń fẹ̀tàn kó ọmọ ọlọ́mọ ni.

Wanda ní ọmọ mẹ́sàn-án tí eré wọn kò tíì parí. Mẹ́rin nínú wọn, ọdún kan péré ló kù fún wọn. Bí wọ́n bá fi ọdún yẹn jókòó, ó tán nìyẹn.

Òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ṣèpàdé. Eldon Fricke, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó jẹ́ olórí Àjọ, wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó húkọ́.

"Àwọn Sátidé tí Lindmark ì bá fi ṣeré, ta ló fẹ́ gbà wọ́n?"

Ni wọ́n bá ń pín in, bí ìgbà tí ará ilé ń pín ẹrù òkú. Wanda ń ro kọfí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi ṣúgà sí i.

Gordon Pell, kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì Marbury, ló jókòó tì í. Máìlì méjìlá ló wà láàárín Marbury àti Lindmark, kò sì sí ọdún tí àwọn méjèèjì kì í fi ara wọn ṣẹ̀sín.

"Wanda, o ò jẹ nǹkan kan?"

"Mo ti jẹun."

"Irọ́ ni. Bójú ẹ ṣe rí lọ́dún tí mo fi ogún pọ́ìǹtì nà ẹ́ ló ṣe rí yìí."

"Mẹ́rìndínlógún ni."

"Ẹ ò rí i! Ó ṣì ń kà á!"

Nígbà mìíràn, Wanda ì bá ti fún un lésì tí yóò mú un sinmi. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn dìde dúró.

"Mo fẹ́ dá àbá kan. Ẹ yọ àwọn ọmọ mi kúrò lábẹ́ òfin ọdún kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yòówù tó bá gbà wọ́n nínú Àjọ, kí wọ́n ṣeré níbẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀."

Fricke yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo ń sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Pruitt kan lọ́jọ́sí, ta ló pariwo jù níbí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Kí ló wá yí padà?"

"Kò sóhun tó yí padà. Mi ò níbi tí mo lè kó wọn sí mọ́ ni."

Doris Amundsen tó ń ṣojú fún Pruitt kò jẹ́ kó jókòó. "Àánú ń ṣe mí, Wanda, má bínú. Ṣùgbọ́n Marbury ló sún mọ́ wọn jù. Gordon á kó gbogbo wọn, á wá fi ọmọ ọlọ́mọ nà wá bí ẹní lu bàrà!"

Gbogbo ojú yí sí Gordon.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Ǹ bá kó wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Marbury ò ní gbà ju méjì lọ."

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ Doris ló gòkè kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó gòkè. Wanda náà ti na tirẹ̀ sókè ṣáájú, ìbò ìkẹyìn tí Lindmark yóò dì. Ó retí pé ayọ̀ yóò dé, tàbí ẹkún. Kò sí èyí tó wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ń dúró dè é ní pápá inú ilé. Tessa Brandvold, balógun wọn, ló kọ́kọ́ dìde.

"Kóòṣì, ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

Ariwo sọ. Tessa nìkan ni kò pariwo.

"Tó bá wá jẹ́ Marbury ló gbà mí ńkọ́? Aṣọ pupa yẹn?"

"Wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ lé Maribel ẹgbẹ́ wa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì torí pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa!"

"Mo lé e. Wọ̀ ọ́."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu. Wanda ń gbá wọn mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá rẹ̀ ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo ìran.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ó ti ríṣẹ́ sí ilé ìkówèésí ìlú. Ní Sátidé kan, ó wakọ̀ lọ sí Marbury, ó jókòó sórí àga òkè pátápátá. Tessa sá wọlé nínú aṣọ pupa, ó ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà sì wọ àwọ̀n.

"Ọmọ yín ni?" ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè.

"Ọmọ Marbury ni," Wanda dáhùn.

Lẹ́yìn eré, Gordon bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn ọmọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dènà. Máa bọ̀ wá kọ́ wọn lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Màá rò ó."

Nígbà tí Túsìdeè dé, kò lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ló lọ.