Kuchen Ápù àti Ẹni Tó Pa Agbẹjọ́rò

Òjò tó ń rọ̀ ní erékùṣù Lemuy lóṣù Keje kì í ṣe òjò téèyàn ń dúró dè kó dá. Ìgbà tó bá wù ú ló máa dá. Wọ́n ti so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀, ọ̀dùnkún ti wọlé, àgùntàn ti sá sábẹ́ igi, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ Edelmira Barría níṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Irú ọjọ́ tó ti ń retí nìyí: ó fẹ́ yan kuchen ápù, ìyẹn kéèkì tí wọ́n ń to ápù lé lórí, kó fa àga sún mọ́ ààrò, kó sì ka ìwé rẹ̀ parí.

Ilé ìkàwé ló ti yá ìwé náà. Ìtàn agbẹjọ́rò ọlọ́rọ̀ kan ni, tí ẹnì kan bu májèlé sí tíì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà, olùtọ́jú ọgbà rẹ̀ wà níbẹ̀, alátúnṣe aago kan wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Edelmira ti fura sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tiẹ̀ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùtọ́jú ọgbà nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá ku díẹ̀ báyìí kó mọ òótọ́.

Otilia Mansilla nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Otilia ló gbé àkọ́bí Edelmira lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi, látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní comadre, ilé wọn kò sì jìnnà síra. Otilia ló kọ́kọ́ yá ìwé yìí. Látìgbà tó ti dá a padà tí Edelmira sì gbé e, ibi yòówù kí wọ́n ti pàdé, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Comadre, ibo lo kà á dé? Mo mọ ẹni tó pa á o! Ṣé kí n sọ?"

Edelmira á di etí rẹ̀ méjèèjì, á sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ó mọ irú ẹnu tí Otilia ní. Otilia yìí kan náà ló kí ọkùnrin kan kú oríire oyún kí ìyàwó ọkùnrin náà tó ráyè sọ fún un. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa pa orúkọ apànìyàn mọ́ sínú?

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ òjò yìí, Edelmira jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín ilé rẹ̀ lọ. Ilé Otilia gan-an ló dorí kọ. Ní Lemuy, ẹni tí èéfín bá ń jáde lórí òrùlé rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò sí nílé, ẹni tó bá sì ń yan nǹkan kò lè jẹ́ kí àlejò dúró síta. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Edelmira rò ó wò bóyá kó kúkú fi kuchen sílẹ̀. Ó tún un rò. Ta ló ń fi búrẹ́dì àná ka ìwé ìpànìyàn? Ó wá àkísà, ó ki í bọ gbogbo ojú fèrèsé, ó sì bu fúláwà sínú abọ́.

Ó fi bọ́tà pò ó, ó fọ́ ẹyin sí i, ó tẹ́ ẹ sínú páànù. Ápù tó já lára igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló gé sórí rẹ̀, ó tò wọ́n yípo, ó wọ́n ṣúgà sí i, ó sì tì í bọ inú ààrò. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé kan. Àkísà kò lè dá irú òórùn bẹ́ẹ̀ dúró.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Comadre! Èmi ni!"

Edelmira jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ààrò, obìnrin tó ti lọ́mọ-ọmọ, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó sì di èémí mú.

"Comadre, mo mọ̀ pé o wà nílé o. Èéfín ẹ ń kí mi látàárọ̀."

Òjò ń rọ̀. Otilia náà kò kúrò. Ibẹ̀ ni Edelmira wà tí ó fi gbọ́ òórùn mìíràn, òórùn ṣúgà tó fẹ́ jóná. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ààrò. Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, ṣùgbọ́n kuchen ló borí. Ó rọra ṣí ààrò, irin sì dún gbàràgàdà.

"Ṣé ààrò ẹ ló ń ṣí ara ẹ̀ báyìí?" ni Otilia bi í látìta.

"Comadre, ẹ má bínú," ni Edelmira fi ohùn aláìsàn dáhùn. "Ara mi ò yá. Ó lè ràn yín."

"Irú àìsàn wo ló ń ta sánsán bí ápù?"

Edelmira fa páànù kuchen jáde. Ó gbọ́ ohùn Otilia lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn náà kò sì pariwo mọ́. "Ó dáa. O kú àìsàn." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ omi lọ nínú ẹrẹ̀.

Ó dun Edelmira. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dáa. Ṣùgbọ́n kuchen ti pọ́n, ilé ti pa rọ́rọ́, ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ó kà, ó jẹ, ó tún kà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó gbogbo wọn jọ sínú pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na ìka.

"Ẹni tó bu májèlé sínú tíì yẹn," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí, "kì í ṣe ẹlòmíràn, bí kò ṣe..."

Edelmira bu kuchen jẹ, ó ṣí ojú ewé tó kàn. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ló bá pàdé. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹnì kan ti fa àwọn ewé tó kẹ́yìn ya.

"Belarmino!"

Ọkọ rẹ̀ wà ní àtíbàbà, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Ó yọjú pẹ̀lú okùn lẹ́nu.

"Kí lo fi dáná láàárọ̀?"

"Igi ni. Kí làwọn èèyàn ń fi dáná?"

"Kí lo fi ṣáná sí igi ọ̀hún?"

Belarmino yọ okùn kúrò lẹ́nu. "Igi yẹn tutù jù. Mo kàn yọ ewé díẹ̀ lẹ́yìn ìwé yẹn ni. Iwájú lo ti ń kà á bọ̀, mo rò pé o ò tíì nílò tẹ̀yìn."

"O sun apànìyàn níná!" Edelmira káwọ́ lérí. "Òun ló yan kuchen mi!"

"Ṣé kuchen ọ̀hún dùn?"

"Ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún wọn nílé ìkàwé, kì í ṣèmi!"

Kò sẹ́ni tó mọ òótọ́ mọ́ ní gbogbo àyíká yẹn, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Edelmira kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi aṣọ bo páànù kuchen, ó ki ìwé sí abẹ́ kóòtù, ó sì bọ́ sínú òjò.

Ó kan ilẹ̀kùn Otilia.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, comadre."

"Ara mi ò yá. Ó lè ràn ọ́."

"Comadre, ẹ jọ̀ọ́, òjò ń pa mí."

"Ó pa èmi náà."

"Mo gbé kuchen wá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Otilia gba páànù lọ́wọ́ rẹ̀ láìkí i, ó gé ọ̀kan, ó jókòó, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń dájọ́. "Ápù ẹ dáa. Bọ́tà ẹ ò tó." Edelmira gba ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, ó ní bọ́tà kò tó lóòótọ́. Ó sọ ohun tí Belarmino ṣe. Otilia rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ dákun, comadre. Ta ló pa á?"

"Ó tì o. Ìwọ lo ní kí n má sọ."

"Mo ní kí ẹ sọ báyìí."

"O tún di etí níwájú fadá."

"Mo ti ṣí etí. Ẹ wò ó, méjèèjì ló ṣí."

Otilia gé ọ̀kan sí i. Ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Dókítà ni."

"Dókítà wo?"

"Dókítà yẹn. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀, ojú ẹ̀ ò mọ́."

"Comadre, kò sí dókítà nínú ìwé yẹn."

"Ẹni tí wọ́n yà sára èèpo ìwé, tó gbé báàgì yẹn ńkọ́?"

"Alátúnṣe aago nìyẹn."

Otilia gbé kuchen sílẹ̀. Ìgbà náà ni Edelmira wo yàrá náà dáadáa: wọ́n ti gbé àga lọ sẹ́nu fèrèsé, fìtílà wà lórí rẹ̀, awò ojú méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, èkejì jẹ́ ti ọkọ Otilia tó ti kú.

"Ojú mi ni," ni Otilia wí. "Ojú ewé kìíní ni mo wà títí mo fi dá a padà. Mo gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Ńṣe ni gbogbo lẹ́tà yẹn ń ṣú pọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ mọ ẹni tó pa á?"

"Mo rò pé tí n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wàá bá mi jiyàn. Tó o bá sì ti ń jiyàn, o máa ń sọ gbogbo ìtàn ni. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti gbọ́ ọ." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Àfi bó o ṣe ń sá fún mi bí ẹni tó jẹ̀bi."

Ojú ti Edelmira débi pé kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Òun tó ti ń fura sí gbogbo èèyàn láti ọ̀sẹ̀ yìí wá, kò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó dìde, ó ti igi méjì sínú ààrò Otilia, ó da omi gbígbóná sórí ewé máté fún un láti mu, ó fa àga sún mọ́ iná, ó sì yọ ìwé lábẹ́ kóòtù.

"Comadre, a ò ní mọ ẹni tó pa á o. Ewé ẹ̀yìn ti lọ."

"Kà á ná. Èmi á mú apànìyàn ọ̀hún."

Edelmira ṣí ojú ewé kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Òjò ń lu òrùlé. Kí agbẹjọ́rò tó gbé ife tíì sẹ́nu, Otilia ti mú ìyàwó rẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀, ó sì ti mú ajá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí alátúnṣe aago ti wọlé, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yún Edelmira. Ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra. Kò ṣeé ṣe.

"Comadre, ẹ ṣọ́ bàtà yẹn dáadáa o, nítorí tó bá yá..."

Otilia ti fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì. "Pa ẹnu ẹ dé!" ló pariwo. "Irú èèyàn wo nìwọ yìí gan-an? Kà á bó ṣe wà!"