Kọ̀ǹpútà tí Kò Mọ Ìkíni

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá rọ́ ọ tán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ọsibítù wa n'Íṣẹ́yìn, bí mo ṣe lè jókòó síbí kí n máa fi ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan rán kọ̀ǹpútà tó wà n'Íbàdàn níṣẹ́. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ojú dúdú lásán ni, àti ọ̀rọ̀.

Nínú àlá náà, màmá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Dókítà ní òun ò ní fọwọ́ kàn wọ́n àfi tí káàdì wọn bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà Ìbàdàn. Ọ́fíìsì wa ti gbéra nílẹ̀ nígbà yẹn, ó ń léfòó lọ lókè igi máńgòrò, àmọ́ ìyẹn ò jọ mí lójú. Káàdì màmá mi ló ká mi lára.

Mo tẹ orúkọ mi. Wọ́n ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi, mo ń tẹ̀ ẹ́, n kò rí lẹ́tà kankan. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, Ìyáàfin Olúgbọ́dì, ọ̀gá tó ń kọ́ mi, ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ àwọn lẹ́tà náà bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àṣírí kì í hàn, inú àwọn ló ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Kọ̀ǹpútà Ìbàdàn jókòó sórí àga, irùngbọ̀n wọn funfun báláú. Ta ló máa rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo tẹ̀ ẹ́ pé ẹ káàárọ̀ sà, ilé ńkọ́?

"N kò mọ ọ̀rọ̀ yìí," ni wọ́n wí.

Mo rò pé bóyá ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ẹ káàsán, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo ní ẹ kú ìjókòó. Wọn ò mọ ọ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ǹṣì màmá mi ń yọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ìsàlẹ̀ sì jìn.

"Fìdímáyé, yé kí wọn," ni ewúrẹ́ náà wí. "Ohun tó o fẹ́ nìkan ni kó o sọ."

Inú mi bàjẹ́, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdajì bẹ́ǹṣì ti yọ síta, màmá mi sì ń tún gèlè wé, wọn ò tilẹ̀ fura. Mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́ pé: káàdì.

Káàdì fò jáde, ó bà lé màmá mi lẹ́sẹ̀, bẹ́ǹṣì sì yí padà wọlé. Ara mi wá yá gágá. Mo tẹ̀ ẹ́ pé àga, àga dé. Mo ní tíì, tíì dé. N kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, n kò dúpẹ́, ó sì dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ n má purọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Màmá mi tí wọ́n wá sùn sọ́dọ̀ wa, nítorí òní la fẹ́ lọ yẹ ojú wọn wò, ti múra tán, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Káàdì," ni mo wí.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá rọra di ara ilẹ̀kùn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni màmá mi wí.