Ẹni Tó Kú Nínú Ìwé Mi

7.

…ọwọ́ rẹ̀ sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Ó ní, "O ṣeun, áńgẹ́lì mi," ó sì dákẹ́. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé dókítà ni mo máa dà.

7, àtúnṣe

Ẹni tí mo pa síbẹ̀ yẹn kò kú o.

Delmer Posten ni. Ó wà ní yàrá kẹrìnlá nílé ìtọ́jú arúgbó Laurel Bend, West Virginia, ó ń bá ẹni tó gbé oúnjẹ wá jà nítorí púdìǹgì. Èmi Corinne ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́ ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdé àti Fúráìdè.

Mo pe orúkọ rẹ̀ ní Delbert nínú ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ọgbọ́n mi pọ̀.

8. Ìdí tí mo fi pa á

Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sítíópátì ni mo fẹ́ wọ̀: ti àwọn dókítà tó ń kọ oògùn bíi ti yòókù, ṣùgbọ́n tí wọ́n tún ń fi ọwọ́ wá ibi tí ara ti há. Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé kan, kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ọdún kìíní: mo kọ òótọ́, pé mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn. Wọn ò gbà mí.

Ọdún kejì: mo kọ nípa ẹ̀yìn tó ń dun ìyá mi. Wọn ò gbà mí. Ìyá mi ní ẹ̀yìn òun ò dun òun rí.

Ọdún kẹta: ó wá hàn kedere pé ẹnì kan ní láti kú.

9.

Mo gbàgbé ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì Delmer.

10. Ohun tí a sọ, Wẹ́sìdé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

DELMER: Corinne, kú ará fẹ́ra kù o.

ÈMI: Ta ló kú, bàbá?

DELMER: Ẹnì kan tó ń jẹ́ Delbert. Ó wa èédú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bíi tèmi. Eruku èédú ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, bíi tèmi. Ìka rẹ̀ kan gé, bíi tèmi. Ìyàtọ̀ àwa méjèèjì ò ju pé èmi ṣì ń jẹun lọ.

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

DELMER: Kí ni màá bínú sí? O sin mí dáadáa. Ṣùgbọ́n "áńgẹ́lì mi"? Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi fẹ́ Loretta, mi ò pè é ní áńgẹ́lì lọ́jọ́ kan. Ìwọ wá ńkọ́, tí o máa ń da omi tútù sí mi lẹ́yìn!

ÈMI: Irú ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn.

DELMER: Kí ló dé tí o ò kọ ti oṣù kejì?

ÈMI: (Mo ń kó àwo oúnjẹ rẹ̀.)

11. Ti oṣù kejì

Atẹ́gùn kò wọ inú Delmer mọ́. Dókítà Ludlow, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀sítíópátì, ki ọwọ́ sábẹ́ ìhà rẹ̀, ó ń rọra gbé e sókè. Ó ní, "Corinne, gbé ọwọ́ tìrẹ síhìn-ín."

Mo gbé e síbẹ̀. Nǹkan kan ń jà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ inú àpò.

Mo sá.

12. Ohun tí a sọ, ìyókù

DELMER: Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Aago ni mò ń wò. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

ÈMI: Mo ṣáà padà wá.

DELMER: Níbo lo lọ?

ÈMI: Inú ọkọ̀ mi. Mo ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo ti ki jíà bọ̀ ọ́.

DELMER: Kí ló wá dá ẹ dúró?

ÈMI: Mi ò mọ̀, bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.

DELMER: Kọ ìyẹn.

ÈMI: Ta ló máa gba dókítà tó ń sá?

DELMER: Bóyá kò sí. Àmọ́ èmi ò tún ní kú fún ẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó.

13. Ohun tí Delmer fi bírò pupa kọ sétí ìwé tuntun

"Irọ́."

"Irọ́, ṣùgbọ́n ó dùn."

"Ta ni onírẹ̀lẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú MỌ́KÀNLÁ. Kì í ṣe 'ìgbà díẹ̀'."

14. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ

A TI GBA ÌWÉ YÍN. Ẹ KÒ LÈ TÚN UN ṢE MỌ́. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PÈ WÁ.

15.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn ò tíì fèsì.

16. Fúráìdè

Mo wẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní kí n dúró. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó tì wọ́n sábẹ́ ìhà ara rẹ̀.

Mo dúró.

Egungun ìhà náà gbéra. Ó wálẹ̀.

Ó pẹ́.

Ó tún gbéra.

DELMER: Má sunkún sí mi lára. Wàá tún lọ kọ ọ́.